Bí Mo Ṣe Mú Àjòjì Ológbò Wọ Ilé Ìyá Aláàtàn

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ará abúlé yìí tí ẹ gbà mí lálejò. Ẹni tó bá ní iṣu lórí iná kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó sì jẹ ẹ́ tán, torí ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí kí ó tó jẹun, oúnjẹ náà yóò di ti ajá. Ẹ̀yin tí inú yín kì í gba nǹkan, ẹ jókòó sápá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ má sọ pé Ọdẹ́sànyà kò kìlọ̀.

Ẹ ti gbọ́ orúkọ mi kí n tó dé ibí. Èmi ni mo fi ọwọ́ lásán bá ẹfọ̀n jà lọ́jọ́ tí ìbọn mi mu omi. Èmi náà ni mo sùn sórí igi kan náà pẹ̀lú òjòlá, tí ilẹ̀ mọ́, tí a kí ara wa pé ẹ káàárọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kó lọ bi òjòlá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ti ẹfọ̀n. Ti ológbò ni. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rín in lọ. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, bí kì í bá ṣe pé òórùn rẹ̀ ṣì wà nínú irun imú mi títí di bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà tó ń jẹ́ Ọdẹ́níyì. Ó lọ ṣọdẹ nínú igbó kan tí àwọn baba wa ń pè ní Igbó Dimú, kò sì padà. Ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, ń gbé oúnjẹ ọkọ rẹ̀ pamọ́ lójoojúmọ́ títí tí oúnjẹ fi ń hu irun lábẹ́ ọmọrí, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni dà á nù. Nígbà tó yá ó wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ mọ̀ pé obìnrin kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa ló ti ń pè mí ní Eyínfúnjowó.

Ó ní, "Eyínfúnjowó, ìkòkò tó hu irun ni mo ń bá sùn báyìí. Ṣé ẹ rò pé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Ìyàwó wa, kò dáa."

Ó ní, "Kí wá ni ẹ ń jókòó ṣe?"

Bí mo ṣe gbé ìbọn kọ́ èjìká nìyẹn.

N kò ní fi ìrìn dá yín lágara. Igbó Dimú kì í ṣe igbó tí à ń ròyìn ọ̀nà rẹ̀. Ewé ibẹ̀ ń làágùn bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń yọ̀ bí ahọ́n màlúù. Mo dé etí odò kan tí kì í ṣe omi. Itọ́ ni. Àwọn iwin ibẹ̀, bí wọ́n bá ń jà, wọn kì í gbá ara wọn létí, ṣe ni wọ́n máa ń tutọ́ síra wọn. Láti ayébáyé ni ìjà yẹn sì ti ń ṣàn lọ sísàlẹ̀. Afárá kò sí. Bí èèyàn bá máa jẹ ọ̀pọ̀lọ́, kó kúkú jẹ èyí tó lẹ́yin nínú. Mo pa ẹnu dé, mo pa ojú dé, mo wẹ̀ ẹ́ kọjá.

Ta ló bi mí pé ṣé mo gbé díẹ̀ mì? Àgbà kì í dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ní òdìkejì ni mo ti bá Onímú-Mẹ́fà, oníbodè wọn. Imú mẹ́fà ló tò sí ojú rẹ̀ bí àgbàdo lára ṣùkù, gbogbo wọn ló sì ń ṣomi. Ó fi imú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbóòórùn mi láti orí dé ẹsẹ̀. Mo dúró gbọnin, mo ń gbàdúrà pé kí ó má sín.

Ó yí ojú kúrò. Ó ní, "Ẹ̀gbin! Ọmọ èèyàn, kí ló ń rùn lára rẹ báyìí?"

Mo ní, "Baba, odò itọ́ yín ni mo wẹ̀ gbà kọjá."

Ó ní, "Itọ́ wa kì í rùn! Ọṣẹ ni. O fi ọṣẹ wẹ̀ kí o tó kúrò nílé. Ìwọ kò lójútì." Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bì. Ẹ gbọ́ nǹkan! Ọ̀bùn ń di imú sí ẹni tó wẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Dáhùn àlọ́ mi, bí o kò bá fẹ́ kí n sín sí ọ lára. Kí ni à ń fi kun ilé tí ojú kò rí, tí imú ń kà, tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá ní in níbẹ̀, ilé náà kì í ṣe tirẹ̀?"

Mo ní, "Òórùn ni."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Baba, ẹni tó ní imú mẹ́fà, kí ló tún lè máa rò láti àárọ̀?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ohun tó jáde nínú ihò imú méjìlá lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kó wà láàárín èmi àti ọlọ́run mi. Ó nawọ́ sí òkè kan lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ wà lọ́dọ̀ Ìyá Aláàtàn. Ṣe wéré o, kí ó tó gbé eku mì."

Òkè náà, ààtàn ni: egungun ẹja, èèpo iṣu, irun, ìyẹ́. Lórí rẹ̀ ni ilé kan wà tó ní igun mẹ́rin. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ni òórùn ìtọ̀ ológbò ti gbá mi lójú bí ẹni fi aṣọ tútù na èèyàn. Ní igun kọ̀ọ̀kan ilé náà ni ihò kan wà tí eku ń gbà jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó òkété. Ológbò mẹ́ta ló ń ṣọ́ igun mẹ́ta, wọ́n tó ajá ọdẹ. Ní igun kẹrin, èèyàn ni. Ó wà lórí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, okùn wà níbàdí rẹ̀, eku wà lẹ́nu rẹ̀, ìrù eku náà ń na ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pápàpá. Ó gé e lọ́rùn jẹ, ó tu ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nu ẹnu, ó rí mi.

Ó ní, "Sànyà. Má wò mí."

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọdẹ́níyì tó jẹ́ pé bí eṣinṣin bá bà lé ọbẹ̀ rẹ̀, kò ní jẹ ẹ́ mọ́.

Ìyá Aláàtàn jáde sí mi. Awọ eku ló fi ṣe ìró, ó ní irùngbọ̀n bíi ti ológbò, ó sì ń fi èékánná yọ nǹkan kúrò láàárín eyín, ó ń tún un jẹ.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe?"

Ó ní, "Igun mẹ́rin, ológbò mẹ́rin. Bí ológbò kò bá sí nílé, ilé di ilé èkúté. Ẹ̀gbọ́n rẹ yìí yin ìkẹrin níbọn. Ó ní ẹtà ni òun rò pé ó jẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ké láti igun, "Ẹtà ló jọ!"

"Pa ẹnu mọ́, músù! Mo ní kó wá òmíràn dípò rẹ̀. Ó lọ mú èyí wá láti inú ahéré àtijọ́ kan létí igbó." Ó ká àkísà sókè lórí àgọ̀ adìẹ kan. Ológbò pupa kan ló ká jọ síbẹ̀, ó rù, etí rẹ̀ kan ti ya. "Àwọn mẹ́ta tó ti wà nílé kò gbà á. Wọ́n ń fẹ́ pa á. Nítorí náà, títí tí Àjòjì yóò fi gba igun rẹ̀ láìsí ìjà, ẹ̀gbọ́n rẹ ni ológbò mi. Eku nìkan sì ni oúnjẹ tó gbọdọ̀ wọ igun yẹn. Kò tíì gbé ọ̀kan mì. Ọjọ́ tó bá gbé e mì, ìrù á yọ, kò sì ní padà di èèyàn mọ́ láéláé."

Mo na ìbọn sí i. Mo fà á. Itọ́ ló ti ẹnu ìbọn dà jáde, ó kán sí mi lẹ́sẹ̀. Ìyá Aláàtàn wò ó, ó wò mí. Ó ní, "O ti parí?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n bá yín mú Àjòjì wọlé."

Ẹ má gbàgbé pé ọmọ ilé ire ni mí. Ní ilé tiwa, bí àlejò bá dé, a kì í fi í pamọ́. Gbàgede la ti ń kí i, tọmọdé tàgbà, a ó gbé e jókòó sáàárín, a ó sì jọ fi ọwọ́ bọ àwo kan náà. Ẹni tó bá ti bá ọ jẹun nínú àwo kan, ó ti di tìrẹ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe se ẹja àrọ̀ sínú àwo kọ̀tọ̀ kan, mo gbé e sáàárín ilé, mo pe àwọn onílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyálé wọn, Ìsaasùn, tó dúdú bí ìdí ìkòkò, ló ṣíwájú. Olójúkan tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta sanra, ó ń mí bí ẹ̀wìrì alágbẹ̀dẹ, wọ́n ń pè é ní Ọ̀pọ̀lọ́. Mo ṣí àgọ̀, mo gbé Àjòjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, mo sì la ẹnu láti sọ̀rọ̀ ìkíni: "Ẹ̀yin onílé, ẹ wá wo àlejò yín—"

Ẹnu ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì padé. Kí Ìsaasùn tó fò mọ́ Àjòjì, ó yí ìdí sókè, ó sì tọ̀. Ẹnu mi ṣí. Ẹ má jẹ́ kí n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó tẹ̀ lé e, ìjà kọ́, ogun ni. Irun ń fò bí òwú. Ọ̀pọ̀lọ́ gbé ẹja mì pẹ̀lú egungun, ó pọ̀ ọ́ padà sórí ẹsẹ̀ mi, Olójúkan sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èyí tí Ọ̀pọ̀lọ́ pọ̀. Àjòjì sá gun àjà, ó ń yàgbẹ́ gbuuru sí wa lórí. Èyí tó wá burú jù ni pé igun àwọn ológbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣófo. Eku ya wọlé bí omi òjò, wọ́n bo ẹ̀gbọ́n mi mọ́lẹ̀. Ó ń gé wọn jẹ, ó ń tu wọ́n dà nù, ṣùgbọ́n ebi ti pa ọ̀fun rẹ̀, ọ̀fun kò sì mọ ìwà. Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìrù eku kan ti wọ ọ̀fun rẹ̀. Mo di eku náà mú lápá orí, mo fà á jáde bí ẹni fa okùn kànga, ó ń yọ̀, ó gùn, ó gbóná. Irun ológbò kan hù sí ètè rẹ̀ níṣojú mi.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Sànyà, kí lo ń ṣe yẹn?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń kí àlejò. Bí a ti ń kí i nílé wa náà ni."

"Àlejò? Àlejò á jẹun tán, á lọ. Ṣé eléyìí ń lọ síbì kankan ni?"

"Ó tì."

"Ìyàwó ni, òpònú! Ẹni tó ń bọ̀ wá gbé títí ayé ni. Ṣé báyìí la ṣe mú Àwẹ̀ró wọlé? Ṣé a gbé e síwájú ìyá wa pé ó yá, ẹ jọ máa jẹ nínú àwo kan?"

Ojú tì mí, mo sì bínú, torí ọkùnrin tí ìrù eku ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ ló ń kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Nígbà tí Àwẹ̀ró dé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Omi tútù la fi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Yàrá la mú un wọ̀, a sì ti ìlẹ̀kùn. Àwọn obìnrin ilé gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó rí ojú rẹ̀. Ìyá wa tẹ́ ìró ara rẹ̀ sórí ẹní fún un pé kó fi sùn, wọ́n sì gba ìborùn tirẹ̀ wọ́n gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oúnjẹ ń wọlé, àwo ń jáde. Nígbà tí yóò fi jáde wá gbálẹ̀, ilé ti mọ̀ ọ́n.

Mo bá tún un ṣe. Mo wẹ ẹsẹ̀ Àjòjì lẹ́nu ọ̀nà, ó fi èékánná san mí lóore. Mo fi í sínú yàrá tí Ìyá Aláàtàn ń kó àkísà sí, mo ti ìlẹ̀kùn, mo gbé igbá eérú sílẹ̀ fún un kó máa ṣe gáà síbẹ̀. Ta ló sì ń kó o dà nù? Èmi! Èmi tí mo gbé orí ẹfọ̀n wọ̀lú, èmi ni mo ń fi pákó gbá ìgbẹ́ ológbò nínú eérú láàárọ̀, tí mo ń mí láti ẹnu, tí ẹnu náà ń mọ̀ ọ́n lára. Mo fi àkísà nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìsaasùn, ó kan itọ́, ó kan ẹ̀jẹ̀ eku. Mo gbé e wọlé fún Àjòjì kó fi sùn. Mo gba èyí tí Àjòjì sùn lé, mo tẹ́ ẹ síta. Ìsaasùn gbóòórùn rẹ̀, ó fín bí ejò, ó sì fi ẹ̀yìn kọ ọ́. Ọjọ́ kejì, ó fín. Nígbà tó ṣe, kò fín mọ́, ó kàn wò ó bí ẹni wo àna tí kò fẹ́ràn.

Oúnjẹ wọn ńkọ́? Mo gbé ti ẹni tó wà nínú síwájú ìlẹ̀kùn, mo gbé ti àwọn ará ìta jìnnà sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń sún un mọ́ra, kí wọ́n lè máa gbóòórùn ara wọn nígbà tí ẹnu ń dùn.

Ṣùgbọ́n èékánná ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ̀ kọrọdọ, ó ti ń lá ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó ń fi í nu ojú. Àyà mi já. Mo ṣí ìlẹ̀kùn díẹ̀ kí àkókò tó tó. Ọwọ́ Ìsaasùn gba ibẹ̀ wọlé, ó fa etí mi ya — àpá rẹ̀ nìyí, ẹ mú àtùpà wá wò ó — Àjòjì sì padà sí abẹ́ àkísà, kò jẹun mọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbẹ́, eérú, àkísà, ẹja.

Nígbà tó yá, mo yọ ìlẹ̀kùn, mo fi ẹ̀ka igi ṣe ọgbà dípò rẹ̀, tí ojú lè gbà kọjá ṣùgbọ́n tí ọwọ́ kò lè gbà. Wọ́n jẹun lójú ara wọn. Ọ̀pọ̀lọ́ ló kọ́kọ́ gbàgbé pé òun ń bínú. Olójúkan tẹ̀ lé e. Ìsaasùn nìkan ló kù, ó jókòó síwájú ọgbà, kò ṣẹ́jú.

Ní àárọ̀ kan mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. N kò gbọ́ pé ó tu nǹkan. Mo yíjú sí i. Eku wà lẹ́nu rẹ̀ dé ìdajì, ojú rẹ̀ pa dé, omi ń ṣàn lójú náà, gògóńgò rẹ̀ sì ń lọ sókè, ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti jẹ́ èèyàn.

Mo ká ọgbà kúrò.

Àjòjì jáde. Ìsaasùn dìde, ó pàdé rẹ̀ láàárín ilé. Mo da ẹja sílẹ̀ fún olúkúlùkù ní ibi tirẹ̀. Ìsaasùn kò wo ẹja. Ó yí Àjòjì ká, ó fi imú sí ìdí rẹ̀. Àjòjì náà fi imú sí tirẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń ṣe ẹ kú ilé! Ìsaasùn gbé ọwọ́, ó gbá a lórí lẹ́ẹ̀kan, kò yọ èékánná, ó sì lọ jẹ ẹja rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àjòjì rìn gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá sí igun kẹrin bí ẹni tó ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó fi eyín mú ìdí eku tó yọ síta lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi, ó já a gbà, ó sì jókòó sí igun rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́.

Okùn tú níbàdí ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀.

Ìyá Aláàtàn yọ sí wa. Ó ní, "Wọn kò fẹ́ràn ara wọn."

Mo ní, "Ìyá, ẹ kò bèèrè ìfẹ́ lọ́wọ́ mi. Ilé kan ni ẹ ní kí wọ́n jọ gbé."

Ó lá irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Gbé músù rẹ máa lọ. Ọṣẹ tó wà lára rẹ ń ba ilé mi jẹ́."

Ẹ rò pé ìtàn ti parí? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìlú wa tú jáde pàdé wa. Wọ́n pariwo, wọ́n jó, wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi jókòó sáàárín gbàgede, tọmọdé tàgbà fẹ́ fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ yí padà. Mo rí imú tó ń ká. Mo rí ìyá tó ń fa ọmọ sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi lá ẹ̀yìn ọwọ́, ó fi nu ojú. Nígbà tí ọwọ́ pọ̀ lára rẹ̀, ó fín, ó sì ya ọkùnrin kan ní àyà. Ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọrin ló ní, "Ẹ lé e lọ sóko! Kí ló ń rùn báyìí?" Àwẹ̀ró fi ipá la èrò kọjá, ó dé iwájú ọkọ rẹ̀, ó na ọwọ́, ó bì, ó sì sá wọlé.

Mo ti wẹ odò itọ́. Mo ti gba ìtọ̀ lẹ́nu. Kò sí èyí tó rí mi lára nínú wọn tó bí àwọn ojú wọ̀nyẹn ti rí mi lára, torí ojú àwọn ènìyàn mi ni.

Mo lé gbogbo wọn. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má kí i. Mo wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo mú un wọ yàrá mi, mo ti ìlẹ̀kùn. Mo gba ìró lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, mo tẹ́ ẹ fún un. Mo gba bàǹtẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé e fún Àwẹ̀ró.

Ó ní, "Eyínfúnjowó, kí ni kí n fi èyí ṣe?"

Mo ní, "Gbé e síbi tí o ń sùn."

"Ẹ wo bí ó ṣe ń rùn!"

"Mo mọ̀."

Ó fi ìka méjì mú un, ó gbé e lọ. Ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, tí ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ tirẹ̀ nínú yàrá. N kò sọ fún un pé kó sún mọ́ ọn. Fúnra rẹ̀ ló ń gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ìlẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ kan tí mo ti oko ìkẹ́kùn dé, mo bá a tó jókòó ti ìlẹ̀kùn gan-an. Ó fi etí ìró di imú, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń jẹ iṣu. Ìlẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Ọwọ́ kan jáde láti ìsàlẹ̀, èékánná rẹ̀ gùn, ó ń táràrà lórí ilẹ̀ títí tó fi kan etí àwo. Mo dúró. Àwẹ̀ró wo ọwọ́ náà. Kò dìde. Kò fa àwo sẹ́yìn.

Ó ní, "Ẹ fọ ọwọ́ yín ná."

Ibẹ̀ ni mo ti yí padà, mo sì fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀yin ará abúlé yìí, ẹ bu omi fún mi kí n fi yọ ẹnu.